Wọ́n Fi Ọlọ́pàá Mú Mi Nítorí Pé Mo Jókòó

Máyọ̀wá, má tíì sítáàtì mọ́tò yìí! Pa á. Mo ní kó o pa á! Mi ò lọ Òṣogbo kankan báyìí, mi ò kúrò níwájú àgọ́ ọlọ́pàá yìí, àfi kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí mo ṣe. Kí ni mo ṣe? Èmi Àgbékẹ́, ìyá Fọláṣadé, tí mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì tí ẹnikẹ́ni ò fẹ̀sùn kàn mí rí, èmi ni wọ́n ní kí n bọ́ bàtà! Kí n bọ́ bàtà, kí n lọ dúró lẹ́yìn káńtà! Ọmọ tí kò tó Fọláṣadé lọ́jọ́ orí ló ń wò mí lójú, tó ń bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ti ṣe irú èyí rí?" Irú kí ni? Irú ìjókòó? Mo jókòó ni o! Mo jókòó! Inú ilé ta ni? Ilé bàbá tó bí mi lọ́mọ!

Mo mọ̀ pé o ti gba bélì mi, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tìẹ. Ṣùgbọ́n lánàá tí mo pè ọ́, tí mo tún pè ọ́, ṣé o gbé e? Kóòtù lo wà. Ìgbà wo lẹ̀yin lọ́yà kì í wà ní kóòtù? Ká ní o gbé fóònù yẹn ni, bóyá ǹ bá má dé ibi tí mo dé yìí. Èmi tí mo wẹ̀ ọ́, tí mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, èmi ni mo wá di "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí padà."

Rárá, mi ò pariwo. Báyìí ni ohùn mi ṣe rí. Jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá gbọ́, ṣé mo jalè ni?

Kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ó dáa. Gbé wíńdò yẹn sókè tí ojú bá ń tì ọ́.

Ilé yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n o ò bá bàbá ìyá rẹ láyé, ìyẹn lo ò fi mọ ohun tí ilé yẹn jẹ́ fún wa. Òṣómàáló ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà yìí títí wọ inú ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sí abúlé tí wọn ò dé. Wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn láwìn, tó bá di àkókò tí wọ́n jọ dá, wọ́n á padà lọ. Tí onítọ̀hún bá ń sá kiri, bàbá mi kì í jà. Wọn kì í búni, wọn kì í fa ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n á kàn lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni, wọ́n á ní, "Òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi." Oòrùn á pa wọ́n níbẹ̀, òjò á pa wọ́n, gbogbo abúlé á máa wò, títí ojú á fi ti onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn. Òun náà ni wọ́n fi rán èmi àti ìyá rẹ níwèé. Nígbà tí ọjọ́ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n pè wá, wọ́n ní ká má gbé àwọn lọ síbì kankan o. Wọ́n ní àwọn ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọlọ́nà tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tara àwọn ni ká tẹ́ àwọn sí. Ibẹ̀ náà la sin wọ́n sí. Kò sí ẹni tó máa wọ ilé yẹn tí kò ní gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Èmi náà, tí mo bá ti débẹ̀, kí n tó sọ ohunkóhun, mo máa ń sọ pé, "Bàbá, mo ti dé o."

Abẹ́ wọn ni Béjidé ń gbẹ́! Abẹ́ bàbá mi! Ọlọ́run ń gbọ́ mi!

Nígbà tí Béjidé wá gbalé, ta ni ò ní fún un? Òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e láti Òṣogbo wá sí Iléṣà, òun àti ìyàwó rẹ̀, Kifayat, ọmọ tó lójú tì, tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun níbẹ̀ yẹn. Ó so táì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tòun ti táì lọ́rùn. Rúùmù iwájú ló ní òun fẹ́, èyí tó fara ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fún un. Fi í sọ́kàn o, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀! Mò ń sọ ọ́ kó má baà dà bíi pé owó ni mò ń bá a fà. Kí ọdún tó yí po ló ti ń san owó ilé. Á tún pè mí ní Sátidé, "Màmá, ẹ kú ìsinmi o, ara yín ńkọ́?" Ọmọ tí mo bí nínú ara mi kì í pè mí tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa fura sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Ṣebí ayálégbé tó ń sanwó, tó tún ń kíni, ni gbogbo onílé ń gbàdúrà kó bá àwọn pàdé?

Rùkáyà ló pè mí. Télọ̀ tó wà ní rúùmù kejì ni, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo ògiri mi o, ó ti ń la ẹnu." Mo rò pé àsọdùn ni, kí n lè bá a kun rúùmù rẹ̀ lọ́dà. Mo wọ ọkọ̀ láti Igbona ní Òṣogbo, mo débẹ̀, ọwọ́ mi wọ inú ògiri. Ọwọ́ mi, Máyọ̀wá! Ó wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń tẹ́ ẹní sí sùn. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè rí èémí fà, mo tẹ orí sàréè bàbá mi, táìlì tí a fi bò ó sì dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kọ́ akèrègbè òfìfo. Ilẹ̀ tó ti le koránkorán láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n!

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Béjidé. Ó ṣí i ní ìwọ̀n tí imú rẹ̀ á fi yọ. "Màmá! Ẹ káàbọ̀, Màmá!" Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí, kí n má baà rí àyè wọlé! Mo ré e kọjá bí igi tó wó dínà.

Bẹ́ẹ̀dì wà lórí àga. Kápẹ́ẹ̀tì wà ní kíká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àárín rúùmù, kòtò! Kòtò tí àkàbà wà nínú rẹ̀! Àkàbà, Máyọ̀wá, nínú yàrá tí mo fún èèyàn pé kó máa sùn! Mo yọjú wò ó, mi ò rí ìsàlẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ó ti yà sápá ọ̀tún, ó ń forí lé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún mi? Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ire lọ̀ mí, ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Góòlù ni."

Góòlù! Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, pé ṣebí àwọn èèyàn ń wà á lóko lọ́hùn-ún, kí ló dé tó fi máa jẹ́ pé abẹ́ ilé wa nìkan ni kò ní sí. Ó ní lẹ́yìn òjò kan báyìí, òun rí nǹkan tó ń dán nínú gọ́tà. Nǹkan ń dán nínú gọ́tà! Bébà súìtì náà ń dán! Látìgbà yẹn, á so táì jáde láàárọ̀ kí gbogbo ilé lè rí i, kó tó di ọ̀sán á ti padà dé, á bọ́ táì, á wọ ilẹ̀ lọ. Àpò ìrẹsì ló ń di iyẹ̀pẹ̀ sí, ó ń fi ọ̀kadà kó o jáde, ó ń sọ fún ará ilé pé oúnjẹ adìyẹ ni, pé òun ń sin adìyẹ sí ibì kan. Èmi náà a sì máa bi í lórí fóònù, "Béjidé, àwọn adìyẹ ńkọ́?" A ní wọ́n ń jẹun dáadáa! Abọ́ tí Kifayat fi ń ṣa ẹ̀wà ló fi ń ṣan iyanrìn. Kò sì rí nǹkan kan o. Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì rí góòlù tó tó ojú abẹ́rẹ́.

Má rẹ́rìn-ín. Mo ní o ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán.

Ó ní a máa pín in. "Màmá, bí mo bá ti kàn án, ọgbọọgba ni, èmi àtẹ̀yin." Ká pín kí ni? Egungun bàbá mi? Mo ní, "Béjidé, ta lo rò pé ó sùn sí òdì kejì ibi tó ò ń gbẹ́ lọ yẹn?" Ó ní òun mọ̀, ó ní òun á yà fún Bàbá. Á yà fún wọn! Bí ẹni tó ń wa mọ́tò! Ulé baba mi, Máyọ̀wá! Ulé baba mi ló fi ṣe ibi ìwakùsà! Wò ó, èdè ilé ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Bí inú bá ti bí mi dé ibi kan, gbogbo Òṣogbo tí mo ti gbé á fò lọ lórí mi.

Mo ní kó kó jáde. Mo ní lónìí, lónìí yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní, "Màmá, ẹ fún mi níwèé. Ayálégbé ọlọ́dọọdún ni mí, oṣù mẹ́fà ni òfin wí." Oṣù mẹ́fà! Pẹ̀lú òjò tó ń ṣú lórí yìí! Ẹni tó ń rú òfin lábẹ́ ilẹ̀ ló ń ka òfin fún mi lókè ilẹ̀! Wọ́n ní tí èèyàn bá ń gbẹ́ kòtò ìkà kó má gbẹ́ ẹ jìn, èyí gbẹ́ ẹ jìn, ó gbé àkàbà sí i, ó tún ní kí n fún òun ní oṣù mẹ́fà kóun fi parí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ tí o ò gbé e. Ó dáa, mo ti gbọ́, kóòtù.

Mo pe Fẹ̀hìntọlá, ọmọ àbúrò bàbá mi. Fẹ̀hìntọlá ní kí ló le níbẹ̀, ká gun òkè ká ṣí páànù orí rẹ̀, bí oòrùn bá ti ń pa á lórí bẹ́ẹ̀dì, á gbọ́n. Ó ní ohun tí gbogbo onílé ń ṣe nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n gé iná rẹ̀, kí n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n wá àwọn ọmọ ìta tó máa da ẹrù rẹ̀ sí títì. Èmi ni mo kọ̀ o! Kọ ìyẹn sílẹ̀, ìwọ lọ́yà! Mo ní, "Fẹ̀hìntọlá, tá a bá ṣí páànù, tí òjò rọ̀ sínú kòtò yẹn, orí ta ni ilé máa wó lé? Ṣé orí àwọn ọmọ Rùkáyà kọ́?" Mo ní èmi kì í ṣe jàǹdùkú, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣe é. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ní mi ò ní rú òfin gan-an ni òfin mú mi!

Bàbá mi ni mo rántí. Àpótí ìjókòó wọn ṣì wà lókè àjà, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ nígbà tí orúnkún wọn ò gba òṣó mọ́. Orúnkún tèmi náà ò kúkú gbà á. Láàárọ̀ yìí mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo nù ún, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà Béjidé, mo fìdí lé e. Mo ní, "Béjidé, ọmọ òṣómàáló ni mí. Mi ò ní bú ọ, mi ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Ibí ni mo wà títí wàá fi kó jáde." Máyọ̀wá, èwo ló burú níbẹ̀? Èwo ló jọ ìwà ọ̀daràn nínú ohun tí mo sọ yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo dí ẹnu ọ̀nà. Ibo ni òṣómàáló tún ń jókòó sí, ṣé ìdí kànga ni? Ṣebí òun náà rí àyè kọjá. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá," ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kifayat ló kù sínú. Kifayat ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jáde, mo fẹ́ pọn omi." Mo ní tó bá ń jáde, kó gbé ẹrù kan dání. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbàkígbà tó bá ti ń jáde, kó gbé ọ̀kan, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kó kúrò nílé?

Má mi orí sí mi. Mo ní má mi orí sí mi.

Ó jókòó sínú, mo jókòó síta. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà tí oòrùn gòkè dáadáa, ọmọ yẹn na abọ́ ògì sí mi láti inú ilé, ó fi àkàrà tì í. Mo gbà á, mo mu ún. Ebi ń pa mí, kí ni kí n ṣe, kí n kú sórí àpótí? Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí." Ó ní òun kì í lè yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí àga má baà yẹ̀ kóun já sínú kòtò. Ó ní ìyá òun ti ní kóun máa bọ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tóun bá ti fẹ́ lọ ni ọkọ òun á sọ pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí inú bí. Mo ní kó má sunkún mọ́.

Ẹ̀ẹ́n? Kí lo wí? Ẹlẹ́rìí? Kifayat? Ìyàwó rẹ̀ á wá jẹ́rìí ta kò ó? Tí àwa ò bá fipá mú un, tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ òótọ́... Ó dáa. Ó dáa, mo ti gbọ́, màá jẹ́ kí ìwọ bá a sọ ọ́. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe mú mi ná.

Abọ́ ògì ṣì wà lọ́wọ́ mi! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mọ́tò ọlọ́pàá dúró, Béjidé sọ̀kalẹ̀ tòun ti táì, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Àwọn rèé." Ó bọ̀wọ̀ fún mi níbẹ̀ náà o, kò pè mí ní "o"! Ó ní mo há ìyàwó òun mọ́lé, mo tún ń fipá gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi! Oúnjẹ! Mo ní kí wọ́n wọlé wá wo kòtò. Mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan yọjú, ó wò ó, ó ní háà, ó ní ìyẹn ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni, kí n lọ rí lọ́yà. Ìjókòó mi ni ọ̀ràn, kòtò ni ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé! Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ di olùfisùn, ẹni tó jókòó sórí ilẹ̀ di ọ̀daràn! Wọ́n gbé èmi, wọ́n gbé àpótí. Wọ́n ní ẹ́síbíìtì ni. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀! Àpótí tó ti dé gbogbo abúlé Ìgbómìnà, tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi kú tí kò rí ojú ọlọ́pàá rí, èmi ọmọ wọn ni mo gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá. Rùkáyà àtàwọn ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Fún mi ní áńkáṣíìfù yẹn.

Ojú tì mí, Máyọ̀wá. Ká má purọ́. Ojú tì mí.

Ó dáa, sọ tìrẹ. Mo ti panu mọ́.

Dúró ná. Padà sẹ́yìn. Kò nílò oṣù mẹ́fà? Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Òfin kan náà tí Béjidé ń kà fún mi? Ìyẹn ni pé oṣù mẹ́fà wà fún ẹni tó ń gbélé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí onílé kàn fẹ́ gba ilé rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń ba ilé jẹ́, tó ń fi ṣe ohun tí òfin kọ̀, tí ẹ̀mí àwọn ará ilé sì wà nínú ewu, ìwé ọjọ́ méje ti tó ká fi gba iwájú adájọ́ lọ? Ọjọ́ méje! Gbogbo nǹkan tí mo ń wá láti àná nìyẹn! Wò ó, ká ní o gbé fóònù rẹ lánàá ni, à bá ti wà ní...

Mo ti dákẹ́. Máa bá a lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, adájọ́ ló máa lé e, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ọjọ́ méje ọ̀hún gan-an ńkọ́, Máyọ̀wá? Ọkùnrin yìí á ti gbẹ́ ilẹ̀ dé Òṣogbo kó tó pé! Àbí o ò rí bójú ọ̀run ṣe rí? Bí bàbá mi bá jìn sínú kòtò yẹn lọ́la, ṣé ìwé lo máa kọ sí wọn? Ẹ̀ẹ́n... A lè lọ bá adájọ́ lọ́la gan-an, kó pàṣẹ pé kó dáwọ́ gbígbẹ́ dúró kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀? Tá a bá ti fi kòtò hàn án? Rùkáyà ya fọ́tò rẹ̀, ó wà lórí fóònù mi níbí, ògiri náà wà níbẹ̀, ọwọ́ mi gan-an wà nínú ògiri níbẹ̀. Wò ó. Wo àkàbà yẹn dáadáa. Ìwọ náà ti sọ háà. Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn wo? Àwọn ìjọba tó ń wo ilé? Àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri? Rárá o! Mi ò gbà! Wọ́n á wó ilé bàbá mi! Wọ́n á wó o lé wọn lórí! Sinmi, èmi ni kí n sinmi? Ó dáa. Ó dáa. Wọ́n á wá wo ibi tó ti sán, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn kúrò lápá ibẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe, àtòun Béjidé. Àṣẹ tiwọn ò sì ní dúró de ọjọ́ méje kankan. Ìwọ á dúró tì wọ́n bí wọ́n bá wá? O ò ní sọ pé kóòtù lo wà? Búra. Fi ìyá rẹ búra. Ó tán.

Góòlù wíwà láìgbàṣẹ, ẹ̀sùn ọ̀tọ̀ nìyẹn? A máa kọ ìyẹn náà lọ síbi tó yẹ? Ọlọ́run mi, ọkùnrin yìí ti kó ẹ̀sùn jọ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, èmi kàn jókòó, mò ń mu ògì ni.

Rùkáyà àtàwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n má ṣe padà sùn síbẹ̀ lónìí. O sọ òótọ́. Pálọ̀ mi ní Igbona fẹ̀, kí wọ́n kó ẹní wọn máa bọ̀, màá pè é báyìí. Kifayat náà, tó bá fẹ́, kó kọjá sí Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mi ò ní ní kó gbé ẹrù dání.

Ìlérí wo? Mi ò ní ṣí páànù. Mi ò ní gé iná. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò ní jẹ́ kí Fẹ̀hìntọlá gun òkè ilé. Èyí wo ló kù? Ìjókòó. O ò ṣáà ní gbàgbé ìjókòó. Mo fi bàbá mi tó wà nílẹ̀ yẹn búra, mi ò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà Béjidé mọ́. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa dá ọmọ òṣómàáló dìde nílẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó wá gbà.

Ìwé náà ńkọ́? Tó o bá ti kọ ọ́ tán ní ọ́fíìsì rẹ ní Alékúwodò, ta ló máa gbé e fún un? Mo mọ̀, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa fi lé? Béjidé? Háà, o ò mọ Béjidé! Tó bá ti rí ìwé lókèèrè, inú ilẹ̀ ló máa wọ̀, á sì fa àkàbà tẹ̀lé ara rẹ̀! Kí ni wọ́n máa wá ṣe? Wọ́n á dúró? Ta ni? Ẹni tí kóòtù bá rán? Á dúró síbo?

Sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Tí kò bá jáde ńkọ́? Á dúró. Tí oòrùn bá ń pa á? Tí òjò bá ń pa á? Á ṣì dúró, àfi tó bá sú u pátápátá ló tó lè lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn níwájú ẹlẹ́rìí. Máyọ̀wá. Dúró, tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa. O ní òfin á rán èèyàn lọ síwájú ilẹ̀kùn Béjidé. Kò ní bú u. Kò ní fọwọ́ kàn án. Kò ní fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Á kàn wà níbẹ̀ títí ọkùnrin náà á fi jáde wá gba ohun tó tọ́ sí i, gbogbo àdúgbò á sì máa wò...

Háà! Háhàhà! Yéè, inú mi o! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òfin! Òṣómàáló ni! Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ sùn dáadáa, ẹlẹgbẹ́ yín ń bọ̀!

Sítáàtì mọ́tò. Rárá, dúró, sọ̀kalẹ̀ ná, padà wọlé lọ bá wọn, kó o gba àpótí mi wá. Kò kàn mí bóyá ẹ́síbíìtì ni tàbí kì í ṣe ẹ́síbíìtì. Ẹni kóòtù tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà Béjidé yẹn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, òun náà ní orúnkún. Á nílò ohun tó máa jókòó lé.